Súpà gúlúù tàbí pólíìṣì? Ìfiwéra ohun tí a lè fi parí bírò onígi

Ẹ to bírò onígi mẹ́rin sórí tábìlì lọ́jọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí léètì (ẹ̀rọ tó ń yí igi kí a lè fi irin gbẹ́ ẹ): ọ̀kan tí a fi súpà gúlúù parí, ọ̀kan tí a fi pólíìṣì ṣẹ́láàkì (oje líle tí kòkòrò kan ń mú jáde) pa, ọ̀kan tí a kùn ní lákà, ọ̀kan tí a fi resin oníná UV (oje ike tí iná UV ń mú le) bò. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí kò ní mọ èwo ni èwo. Gbogbo wọn ló ń dán gbinrin. Ẹ wá kó wọn fún ẹni tó ń kọ̀wé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kí ẹ padà wá wò wọ́n lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ìgbà yẹn ni kálukú wọn yóò fi ìwà rẹ̀ hàn.

Nítorí náà, èmi kì í fi dídán yan ohun tí màá fi parí bírò. Mo máa ń béèrè ọwọ́ ta ni yóò máa dì í mú, àti irú igi tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwo onígi tàbí ẹsẹ̀ tábìlì kì í rí irú ìyà tí bírò ń rí. Bírò ń mu òógùn àti ọ̀rá ara, ó ń fara gbo kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, ó ń já bọ́ sórí símẹ́ǹtì, ọtí inú sanitáísà sì ń kàn án lára nígbà gbogbo tí olówó rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pa ọwọ́.

Súpà gúlúù àti pólíìṣì ṣẹ́láàkì

Àwọn méjì yìí ni ọ̀pọ̀ oníbírò máa ń kọ́kọ́ dán wò, torí pé a lè parí méjèèjì lórí léètì láì gbé iṣẹ́ kalẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Pólíìṣì tí wọ́n ń pè ní friction polish kò ju ṣẹ́láàkì tí a fi ọtí spirit yọ́, tí a sì po ìda tàbí òróró díẹ̀ mọ́. Ẹ da díẹ̀ sórí tíṣù, ẹ fi kan igi náà bó ṣe ń yí kíákíá. Ìfararora á mú un gbóná, ọtí á fò lọ, dídán á sì yọ lójú ẹsẹ̀. Mi ò mọ fíníṣì (ohun tí a fi ń parí igi) mìíràn tó yá tó bẹ́ẹ̀. Kì í ta ojú, kì í lẹ ìka pọ̀, bí ẹ bá sì bà á jẹ́, ẹ fi ọtí spirit nù ún kúrò, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni wàhálà rẹ̀ wà. Ohun tí ọtí yọ́ kó tó dé ara igi, ọtí náà ló máa padà wá yọ ọ́ kúrò. Sanitáísà kò ní dá a sí. Òógùn àti ooru ọwọ́ ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, débi pé ibi tí àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ti ń dì í mú á ti ṣú nígbà tí ìyókù bírò ṣì ń dán. Fún bírò tí wọ́n máa gbé sínú àpótí onígíláàsì, tàbí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo irin gígé, ó dáa púpọ̀. Fún èyí tí wọ́n máa fi kọ̀wé lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kó lọ.

Súpà gúlúù kì í gbẹ bí ṣẹ́láàkì ṣe ń gbẹ. Kò dìgbà tí ohun kan bá fò lọ kúrò nínú rẹ̀ kó tó le. Ọ̀rinrin tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lójú igi ló ń so àwọn èròjà rẹ̀ mọ́ra wọn títí tí gbogbo rẹ̀ fi di ike kan ṣoṣo, líle, tó mọ́ gaara. Ọtí kì í yọ ọ́. Òógùn kì í ràn án. Acetone, èyí tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, lè mú un rọ̀, àmọ́ á pẹ́ kó tó ṣe é.

Lọ́dún 1942, nígbà tí Harry Coover àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Eastman Kodak ń wá ike tó mọ́ gaara fún awò ìfojúsùn ìbọn, wọ́n bá èròjà yìí pàdé, wọ́n sì pa á tì torí pé gbogbo ohun tó bá kàn ló ń lẹ̀ mọ́. Lọ́dún 1951 ni Coover àti Fred Joyner tún padà sórí rẹ̀, ó sì di ọjà lọ́dún 1958 lábẹ́ orúkọ Eastman 910. Ìwà tí wọ́n torí rẹ̀ pa á tì nígbà náà ni oníbírò ṣì ń bá fà á títí dòní: ó máa lẹ̀ mọ́ irin, ó máa lẹ̀ mọ́ ìka, ó sì máa lẹ tíṣù mọ́ ara igi bí ọwọ́ yín bá lọ́ra.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Ike ni ẹ máa fọwọ́ kàn, kì í ṣe igi. Àwọn kan kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó le, ṣùgbọ́n líle rẹ̀ yẹn lè mú kó sán bí bírò bá já bọ́ tàbí bí igi abẹ́ rẹ̀ bá fẹ̀ tàbí súnkì. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń mọ̀ ọ́n ṣe lọ́jọ́ kan náà. Síbẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ kí bírò tí ẹ tà lónìí ṣì jọ ara rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, òun ni kí ẹ mú.

Àwọn tó fẹ́ fọwọ́ kan igi

Òróró tung, òróró linseed àti èyí tí wọ́n ń pè ní Danish oil ń wọ inú igi lọ ni. Ara igi gan-an ni ọwọ́ ń kàn, ó sì máa ń dùn ún dì mú. Ṣùgbọ́n kò sí ìbòrí tó lè dènà ìdọ̀tí. Igi funfun bíi maple tàbí holly tí a fi òróró nìkan pa á dọ̀tí níbi tí ìka ń gbà, ìdọ̀tí náà kò sì ní ṣí mọ́.

Ní ti ìda, ìda oyin ń yọ́ ní nǹkan bíi 62 sí 64 °C, carnauba, ìda ara ewé ọ̀pẹ kan, sì di bíi 82 °C kó tó yọ́. Carnauba ló le jù, òun ló sì ń dán jù. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó máa pẹ́ lára bírò tí ọwọ́ ń fà lójoojúmọ́. Àwọn kan máa ń fi ìda pa orí súpà gúlúù tó ti dán tẹ́lẹ̀. Kò burú, àmọ́ kò ju kí àtẹ̀ka má tètè hàn lórí rẹ̀ lọ.

Àwọn igi kan wà tí mo máa ń gbà níyànjú pé kí wọ́n má kùn ní nǹkankan: àwọn tó le, tó wúwo, tó lọ́ràá, bíi African blackwood àti lignum vitae. Ẹ fi sáńpépà tó kúnná gan-an pa wọ́n títí, wọ́n á dán fúnra wọn, ọwọ́ tó ń dì wọ́n mú á sì máa mú wọn dára sí i. Kí ni a tún fẹ́ fi gúlúù ṣe lórí irú igi bẹ́ẹ̀?

Lákà àti polyurethane

Ọ̀dà tó ń gbẹ di awọ líle lórí igi ni méjèèjì. Wọ́n ń dáàbò bo igi dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mélòó kan ni ẹ máa kùn ún, ẹ máa dúró kó gbẹ láàárín ìkọ̀ọ̀kan, eruku á sì máa wá ibi tó máa bà sí. Bí ẹ bá ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ bírò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó mọ́gbọ́n dání. Fún ẹyọ kan ṣoṣo, ìnira rẹ̀ pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ.

Resin oníná UV

Èyí ló sún mọ́ súpà gúlúù jù lọ nínú dídán àti líle. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún bí léètì ti ń yí jẹ́jẹ́, ẹ jẹ́ kó tẹ́ dọ́gba, kí ẹ tó tan iná UV sí i. Ànfààní tó ní lórí gúlúù nìyí: kì í yára mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Títí ẹ ó fi tan iná, ẹ lè nù ún kúrò, ẹ lè tún un ṣe. Kò sí èéfín tó ń ta ojú bíi ti gúlúù náà.

Bó bá le tán, ojú rẹ̀ lè ṣì máa lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí ìpele òkè pátápátá le tán. Ẹ fi ọtí nù ún, ó parí. Ohun tí kò lè ṣe tó gúlúù fẹ́lẹ́ ni pé kì í wọ inú igi lọ. Orí igi ló ń jókòó sí. Igi tó ti ń rọ̀, tí olú ti jẹ, kò rí agbára kankan gbà lára rẹ̀. Èyí tí kò tíì le kò sì gbọdọ̀ máa kan awọ ara, torí ó lè mú kí ara èèyàn kọ̀ ọ́ títí láé. Ẹ má sì gbé ìgò rẹ̀ sí ojú fèrèsé. Oòrùn náà ní UV.

Fún ẹni tí èéfín súpà gúlúù kò bá lára mu, ibí ni kó lọ. Fún ẹni tó ń ṣe bírò kan lọ́sẹ̀ kan, tí kò sì ní iná UV, mi ò rí ìdí tó fi yẹ kó kúrò lórí gúlúù.

Ẹ ti yan gúlúù: èwo nínú rẹ̀?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, torí wọ́n rò pé gúlúù ni gúlúù ń jẹ́. Oríṣi mẹ́ta ló wà, fẹ́lẹ́, àárín àti kíki, iṣẹ́ wọn kò sì jọra.

Èyí tó fẹ́lẹ́ ń ṣàn bí omi. Ó ń wọ gbogbo ihò àti sísán ara igi, ó sì ń le láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, pàápàá lórí igi tí olú ti jẹ, torí á so ó pọ̀ láti inú wá. Ṣùgbọ́n kì í ga. Ẹ lè kùn ún títí, kò ní nípọn tó láti fi sáńpépà pa. Èyí tó ki jù ń dí ihò ńlá dáadáa, àmọ́ ó máa ń wú gbágungbàgun, inú rẹ̀ sì lè má tíì le nígbà tí òde rẹ̀ ti le. Mi ò kì í fi ṣe fíníṣì. Ihò nìkan ni mo fi ń dí. Èyí tó wà láàárín ló ń kọ́lé: ó ń tẹ́ dáadáa, ó sì fún èèyàn láyè díẹ̀ láti fi tíṣù fà á láti ìparí kan dé èkejì. Fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, kí àárín tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí léètì yí jẹ́jẹ́, kó má kọjá 1000 rpm (ìgbà tó ń yí po nínú ìṣẹ́jú kan), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gúlúù á ta sí yín lójú.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó ni kí wọ́n kùn ún. Kíkà kọ́ ló ṣe pàtàkì, wíwọ̀n ni. Ẹ fi kálípà, irin tí a fi ń wọn ìnípọn, wò ó.

Accelerator ńkọ́? Ohun tí a ń fín sí gúlúù kó lè le lójú ẹsẹ̀ ni. Tí afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́ yín bá gbẹ, tí gúlúù kò sì fẹ́ le, ó wúlò, bí ẹ bá fín in láti ọ̀nà jíjìn, wẹ́rẹ́ báyìí. Tí ẹ bá fín in ní ọ̀fínjù, gúlúù á gbóná lójijì, á hó, á sì fi ìfóófòó funfun sínú ara rẹ̀. Ìfóófòó yẹn kò ní sí ohun tó lè mú un kúrò àfi kí ẹ gé e dànù. Fíníṣì tí a fi ipá mú le bẹ́ẹ̀ tún máa ń tètè sán. Bí ẹ bá lè fún un ní ìṣẹ́jú kan sí méjì láàárín ìkùn kan sí òmíràn, kò yẹ kí ẹ nílò rẹ̀.

Lọ́wọ́ kejì, tí ọ̀rinrin bá pọ̀ jù, bí ìgbà tí òjò ń rọ̀, èéfín gúlúù a máa bà padà sórí igi bí ìyẹ̀fun funfun. Èyí kò burú tó ìfóófòó. Ojú òkè ló wà, sáńpépà á gbé e kúrò.

Ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn kan kò lè fi sílẹ̀: òróró linseed lórí tíṣù pẹ̀lú gúlúù. Òróró náà ń jẹ́ kí tíṣù yọ̀, kí gúlúù tẹ́ dáadáa, ó sì ń fún igi ní àwọ̀ wúrà. Lórí igi dúdú tàbí pupa, àbájáde rẹ̀ lẹ́wà, mi ò lè jiyàn. Lórí igi funfun, pípọ́n ni á pọ́n. Òróró tó bá sì há sáàárín ìpele méjì kò ní jẹ́ kí wọ́n gbá ara wọn mú. Tèmi ni pé kí gúlúù dá dúró, ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọ̀nà olóróró kò ní gbọ́ tèmi, kò sì burú.

Kí igi náà sọ tẹnu rẹ̀

Cocobolo, rosewood àti igi ólífì ní òróró nínú tó lè má jẹ́ kí gúlúù dì wọ́n mú. Ẹ fi acetone nù wọ́n, kí ẹ kùn wọ́n ní kété tó bá gbẹ, torí òróró inú á tún padà wá sókè. Padauk, tó bá igi osùn tan, ní ìṣòro mìíràn: àwọ̀ pupa rẹ̀ ń ṣí. Bí ẹ bá so ó pọ̀ mọ́ maple nínú bírò kan, tí ẹ wá fi acetone nù ún láti ìhín sí ọ̀hún, maple á pọ́n. Ẹ fẹ́ eruku rẹ̀ dànù dípò kí ẹ nù ún, kí ẹ sì fi gúlúù fẹ́lẹ́ tì í pa kíákíá.

Bó bá jẹ́ acrylic ni ẹ fi ṣe bírò dípò igi, kò nílò gúlúù kankan. Ike ni òun náà. Ẹ kàn fi sáńpépà pa á kó dán.

Ìyàtọ̀ kan tún wà nínú bí a ṣe ń tọ́jú igi kí fíníṣì tó kàn án. Ṣẹ́láàkì fẹ́lẹ́ débi pé gbogbo ibi tí sáńpépà ti ha igi ló máa hàn, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ pa igi náà kúnná gan-an. Gúlúù nípọn ní tirẹ̀. Sáńpépà 400 tàbí 600 tó fún un, ṣùgbọ́n ẹ dá léètì dúró, kí ẹ fi èyí tó kẹ́yìn pa á lóòró, torí híha tó yí igi po á hàn lábẹ́ gúlúù.

Ìwọ̀n, òrùka irin àti ìdí igi

Òróró àti ṣẹ́láàkì kò ní ìnípọn tó yẹ kí a kà sí. Ẹ gé igi dọ́gba pẹ̀lú òrùka irin tí a ń pè ní bushing, ó tán. Gúlúù yàtọ̀. Ó lè fi ìdá kan tàbí méjì nínú mẹ́wàá mìlímítà kún ìhà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ kò bá gé igi kọjá bushing díẹ̀ láti gba ìnípọn yẹn, bírò yóò yọ bèbè níbi tó ti pàdé irin, ìka yóò sì mọ̀ ọ́n nígbà gbogbo.

Bushing onírin náà á lẹ̀ mọ́ igi, tí ẹ bá sì fi agbára yọ ọ́, ó lè gé gúlúù etí lọ. Àwọn oníbírò ń lo onígun ṣóńṣó tí a fi HDPE tàbí Delrin ṣe dípò rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kùn, torí gúlúù kì í di àwọn ike wọ̀nyẹn mú dáadáa. Tí kíkùn bá parí, ẹ fi gúlúù fẹ́lẹ́ kan ìdí igi méjèèjì kí omi tó kàn án. Bí a bá fi ìdí yẹn sílẹ̀, omi sáńpépà á wọ abẹ́ gúlúù, á sì di àbàwọ́n funfun tí kò ṣeé dé.

Dídán tàbí ṣíṣú

Àwọn tó kórìíra súpà gúlúù sábà máa ń sọ pé ó dán jù, ó jọ nǹkan ilé-iṣẹ́ ike. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi gúlúù. Páàdì Micro-Mesh, tí a fi ń pa ojú gúlúù kó dán, mẹ́sàn-án ló wà, láti 1500 títí dé 12000 tó kúnná jù. Ẹni tó bá lò wọ́n tán pẹ̀lú omi, tó tún fi pólíìṣì ike lé e, ló ń gba dídán bíi dígí. Ẹni tó bá dúró ní 2400 á rí ojú tó rọ̀, tí kì í tàn. Lórí igi tí iṣan rẹ̀ kò ṣe ṣàkó, èmi fẹ́ràn èyí ju dígí lọ. Ẹ má tẹ páàdì mọ́ ọn ní gbígbẹ, torí gúlúù tó bá gbóná tó bíi 80 °C á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Ohun tí fíníṣì kọ̀ọ̀kan lè fojú èèyàn rí

Èéfín gúlúù ń ta ojú àti imú. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ wọ awò ìdáàbòbò, ẹ má gbé ojú sórí iṣẹ́ tààrà. Ẹ má fi aṣọ òwú kùn ún, ẹ má sì wọ ìbọ̀wọ́ òwú: bí gúlúù púpọ̀ bá kan òwú, ó lè gbóná débi tó máa rú èéfín, tó sì máa jó ara. Tíṣù kékeré tí a ká ló dáa, ó sì lérè mìíràn. Bí léètì bá gbá a mú, á ya. Aṣọ kì í ya, ìka ló máa fà lọ.

Bí ìka bá lẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ, kí ẹ sì máa tú u jẹ́jẹ́, ẹ má fà á. Bó bá ta sójú, ẹ fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì wá dókítà lọ.

Òróró linseed kò rùn bẹ́ẹ̀, kì í lẹ̀, kì í ta ojú, òun gan-an ló sì lè jó ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ tàbí tíṣù tó mu ún, tí a wá ká jọ sínú agolo ìdọ̀tí, lè gbóná fúnra rẹ̀ títí á fi gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta kó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Bí bírò bá padà wá

Bírò tí a fi òróró tàbí ìda parí ni a lè tún ṣe láì tú u palẹ̀: ẹ nù ún mọ́, ẹ tún fi pa á. Ti ṣẹ́láàkì náà kò le, ẹ lè fi ọwọ́ lásán pa díẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní dán tó ti orí léètì.

Ti gúlúù ló ń fẹ́ ìrònú. Bó bá jẹ́ pé ó kàn ha lókè, Micro-Mesh àti omi tó. Bó bá jẹ́ pé ó sán níbì kan ṣoṣo, ẹ kán gúlúù fẹ́lẹ́ sí i, ẹ jẹ́ kó le, kí ẹ fi sáńpépà pa á dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i tó ti ń gbéra kúrò lára igi, tí funfun ń rìn lábẹ́ rẹ̀ láti ìdí wá sí àárín, ẹ má kán nǹkankan sí i. Ẹ tú bírò náà, ẹ dá igi rẹ̀ àti ọ̀pá idẹ tó wà nínú igi náà padà sórí léètì, kí ẹ gé gúlúù náà kúrò pátápátá dé ara igi. Kí ẹ tó tún un kùn, ẹ fi acetone nù ún, kí ẹ sì wo ìdí rẹ̀ méjèèjì bóyá a tì í pa nígbà àkọ́kọ́.